Tanímọ̀la àti Àwọn Ẹyẹ Ẹ̀hìnkùlé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni, àti ti ajá. Ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan tí n kò rí kọ́ nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń fi kálàmù jẹun, mo sì rò ó pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ilé, tí ó ní ọmọ, tí ó sì ní ohun ọ̀sìn, gbọ́ ọ.

Ní Ìgbàrà-Òkè níhìn-ín ni mo ń gbé, ìlú tí ọ̀nà Iléṣà gbà kọjá lọ sí Àkúrẹ́. Ẹ̀hìnkùlé mi kò tóbi. Igi ọ̀pẹ kan wà níbẹ̀, igi mángòrò kan, kànga kan, àti pèpéle símẹ́ǹtì tí a fi ń sá kòkó àti àgbàdo. Lórí pèpéle yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ìyàwó mi bá sá àgbàdo tí yóò fi ṣe ògì, àwọn ẹyẹ a sọ̀ kalẹ̀. Àdàbà ni ó máa ń kọ́kọ́ dé, ní méjì méjì, wọn a sì máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó wọ aṣọ tuntun. Ológoṣẹ́ a tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀gà tí wọ́n so ìtẹ́ wọn rọ̀ sí imọ̀ ọ̀pẹ yóò dé pẹ̀lú ariwo. Ìyàwó mi a lé wọn, wọn a fò lọ, wọn a sì tún padà. Ní ọjọ́ kan mo wí fún un pé, "Jẹ́ kí n máa fún wọn ní tiwọn lọ́tọ̀, bóyá wọn yóò fi tìrẹ sílẹ̀." Bí mo ṣe di ẹni tí ń bọ́ ẹyẹ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti parí àdúrà òwúrọ̀, èmi a bu ẹ̀kúnwọ́ ọkà bàbà àti àgbàdo fífọ́, n ó sì fọ́n ọn ká. Èmi a jókòó lórí àga kékeré, n ó máa wò wọ́n títí di àkókò iṣẹ́. N kò mọ bí n óò ti ṣe àlàyé ìsinmi tí ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ni ènìyàn ń wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú ẹjọ́ àti ẹ̀dùn. Àwọn wọ̀nyí wá jẹun ni, wọn kò sì bi mí ní nǹkan kan.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Bàbá àgbẹ̀ kan ní àdúgbò wa dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ̀yin ni ẹ ń bọ́ àwọn olè wa?" Ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Ẹni tí ó bá ti rí oko ìrẹsì ní ilẹ̀ Èkìtì yóò mọ̀ pé láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di alẹ́ ni àwọn ọmọdé fi ń pariwo lé ẹ̀gà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gà kan náà ni í ya imọ̀ ọ̀pẹ sí fọ́nrán-fọ́nrán títí igi yóò fi dàbí ìgbálẹ̀. Mo dá a lóhùn pé kòkòrò ni àwọn ẹ̀gà fi ń bọ́ ọmọ wọn nínú ìtẹ́, nítorí náà àǹfààní díẹ̀ wà nínú wọn fún àgbẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà.

Ní àkókò náà a ní ajá pupa kan. Àwọn baba wa a máa fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò. Èmi náà sọ tèmi ní Tanímọ̀la. N kò ní ẹnikẹ́ni lọ́kàn nígbà tí mo fún un ní orúkọ náà. N kò mọ̀ pé èmi gan-an ni òwe náà ń bá wí. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ará Oǹdó a máa wò ó, a sì máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé ajá tí ó sanra tó báyìí kì í fi ìgbà ọdún Ògún rìn káàkiri ní ìlú tiwọn. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwa, ọmọ ilé ni Tanímọ̀la. Ọmọ wa obìnrin tí ó kéré jù, ẹni ọdún mẹ́wàá, ni olówó rẹ̀ ní tòótọ́. Òun ni í bù oúnjẹ fún un, òun ni í wẹ̀ ẹ́, ajá náà a sì máa sin ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ti fọ́n ọkà tán tí mo sì wọlé láti múra iṣẹ́, mo gbọ́ tí ìyẹ́ ń lu pàpà-pàpà ní ẹ̀hìnkùlé. Kí n tó jáde, Tanímọ̀la ti gbé àdàbà kan sí ẹnu. Kò jẹ ẹ́. Ó gbé e wá síwájú mi, ó tẹ́ ẹ sí ẹsẹ̀ mi, ó sì ń ju ìrù, bí ajá ọdẹ tí ó mú ẹran dé ọ̀dọ̀ olúwa rẹ̀. Àdàbà náà ṣì ń mí. Inú bí mi, mo mú pàṣán, mo nà án. Ìyàwó mi dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wọn, ajá ni ẹ nà. Ta ni ó kó ẹran wá síwájú ọdẹ?"

N kò rí èsì fọ̀. A gbé àdàbà náà sínú agbọ̀n, ṣùgbọ́n ó kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Ojú eyín ajá lè kéré lára ẹyẹ, síbẹ̀ ìdọ̀tí ẹnu ajá tí ó wọ inú ọgbẹ́ náà tó láti pa á.

Nítorí náà mo tún ètò ṣe, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní ajá àti ẹyẹ ní ẹ̀hìnkùlé kan náà, ètò yìí lè wúlò fún un. Èkíní, mo dẹ́kun fífọ́n oúnjẹ sílẹ̀. Mo ní kí káfíńtà kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ orí òpó tí ó ga tó èjìká mi, ní gbangba, jìnnà sí igbó àti ògiri, kí ajá tàbí ológbò má baà rí ibi ba sí, kí ẹyẹ sì lè tètè rí ohun tí ń bọ̀. Èkejì, a bẹ̀rẹ̀ sí fún ajá ní oúnjẹ tirẹ̀ ṣáájú, a sì so ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí kan tí àwọn ẹyẹ fi ń jẹun. Ẹ̀kẹta, a kọ́ ọ láti jókòó nígbà tí a bá pàṣẹ, a sì ń fi ẹran díẹ̀ san án fún un nígbàkúùgbà tí ẹyẹ bá sọ̀ tí kò sì sáré. Pàṣán kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹran ni ó kọ́ ọ. Ẹ̀kẹrin, ní àkókò tí àwọn ọmọ ẹyẹ tí ìyẹ́ wọn kò tíì gbó ń bọ́ sílẹ̀ láti inú ìtẹ́, ajá kò gbọdọ̀ dá wà ní ẹ̀hìnkùlé, nítorí ìyá wọn wà nítòsí tí ó ń bọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè sá. Láàárín oṣù mẹ́ta, Tanímọ̀la a dùbúlẹ̀ ní abẹ́ mángòrò, a fi orí lé ọwọ́, a sì máa wo àdàbà bí ẹni tí ń wo aládùúgbò. Àwọn àgbà wí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara wọn. Mo rí i pé ilẹ̀ pàápàá lè tó wọn gbé, bí onílé bá ṣe ètò rẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ nípa ètò yìí, ó sì kọ ìwé sí mi. Ó ní níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í so ọ̀rá tí a pò mọ́ ọkà rọ̀ sí igi fún ẹyẹ ní ìgbà òtútù, àwọn ẹlòmíràn a sì fi èso àjàrà gbígbẹ sí i. Ẹyẹ a jẹ ẹ́ láì ní ìpalára. Ṣùgbọ́n bí ó bá já bọ́ tí ajá sì jẹ ẹ́, ó lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ títí yóò fi kú. Ó tún kìlọ̀ fún mi nípa kòkó tí a ń sá, nítorí ohun kan wà nínú èso kòkó, tí a ń pè ní theobromine, tí ara ènìyàn ń tètè borí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ májèlé fún ajá. Ó parí ìwé náà báyìí pé, "Bàbá, ohunkóhun tí ẹ bá gbé ka iwájú ẹyẹ, ẹ mọ̀ pé ajá ni yóò jẹ ìyókù." Mo ṣe ọgbà yí pèpéle kòkó ká. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ni n kò fi sọ́kàn bí ó ti yẹ.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo ra àpò àgbàdo kan nígbà tí ó pọ̀ lọ́jà, mo sì gbé e kalẹ̀ lórí símẹ́ǹtì lásán nínú yàrá ìkẹ́rù, ó fara ti ògiri. Òjò ọdún náà pọ̀. Omi ń yọ́ wọ inú ògiri, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Nígbà tí a tú àpò náà, àgbàdo ìsàlẹ̀ ti bu. Òmíràn hu funfun, òmíràn ní àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ sì dàbí ti ilé tí a ti tì pa fún ìgbà pípẹ́. Ìyàwó mi ní kí a dà á nù. Mo ní, "Kí a dà á nù kẹ̀, pẹ̀lú owó tí mo san? Ẹyẹ yóò jẹ ẹ́." Inú mi tilẹ̀ dùn pé mo rí ọ̀nà ṣe àánú láì ná kọ́bọ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bọ́ wọn. Àwọn ẹyẹ ń fi ẹsẹ̀ tú u dànù láti orí pákó, Tanímọ̀la sì ń ṣa ohun tí ó bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé ó fẹ́ràn rẹ̀, mo ní kí àwọn ọmọ máa lọ díẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa sè é mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé ohunkóhun tí ó wù kí ó wà nínú rẹ̀, iná yóò pa á.

Ajá náà kọ́kọ́ kọ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí bì, agbára kò sì sí fún un láti dìde nígbà tí ọmọ mi bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà pè mí, ó ṣí ètè ajá náà, ó ní, "Bàbá, ẹ wo ẹnu rẹ̀." Eran eyín rẹ̀ àti funfun ojú rẹ̀ ti di pupa rúsúrúsú. A wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé ajá náà sí orí ẹsẹ̀ wa.

Dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi mí ní ohun tí ó ń jẹ, mo sì sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun kò lè búra láì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí àrùn mìíràn wà tí ó lè sọ ojú ajá di pupa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàdo náà ni òun fura sí jù lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tín-ín-tín tí í hù lórí ọkà àti ẹ̀pà tí ó bu, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus, a máa pèsè oró kan tí ó ń jẹ́ aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni oró náà ń bá jà. Sísè kò pa á, yíyan kò sì mú un kúrò tán.

Mo fi ìtìjú sọ fún yín pé nígbà tí mo padà délé ni mo tó wá ìmọ̀ kiri lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo kà pé láti ara ẹyẹ gan-an ni ayé ti kọ́kọ́ mọ oró yìí. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ ikú náà, wọ́n bá a nínú ẹ̀pà lílọ̀ tí ó ti ilẹ̀ Bùràsíìlì wá, tí a pò mọ́ oúnjẹ wọn. Ní òpin ọdún 2005, ajá tí ó ju 100 lọ kú ní Amẹ́ríkà nítorí oúnjẹ ajá tí a fi àgbàdo olóró ṣe. Ènìyàn kò sì yọ sílẹ̀. Ní ọdún 2004, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ènìyàn 317 ni ó ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ àgbàdo tí a tọ́jú nínú ọ̀rinrin, 125 nínú wọn sì kú. Ọkà tí mo fi ń ṣe àánú ní ẹ̀hìnkùlé mi kò yàtọ̀ sí èyí.

Tanímọ̀la lo ọjọ́ mẹ́fà sí i. Ọmọ mi sùn tì í ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ní alẹ́ ìkẹyìn, a kò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀. A sin ajá náà sí abẹ́ mángòrò níbi tí ó ti máa ń dùbúlẹ̀ wo àwọn àdàbà.

Nígbà tí a bo ilẹ̀ tán, tí mo rò pé ọmọ náà yóò sunkún, kò sunkún. Ó gbé ojú sókè wo pákó tí ó wà lórí òpó, ó ní, "Bàbá, àwọn ẹyẹ ńkọ́? Ṣé àwọn náà kú?"

Ẹ̀yin ará, n kò rí èsì fún ọmọ náà títí di òní. Ajá ní ilé. Bí ó bá ṣàìsàn, ojú wa ni yóò ṣe é. Ẹyẹ a jẹ lọ́wọ́ wa, a fò lọ, a sì kú ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹyẹ tí ó jẹ májèlé lọ́wọ́ mi kò ní í padà wá fẹjọ́ mi sùn. Bí kì í bá ṣe pé ajá náà jẹ nínú oúnjẹ kan náà pẹ̀lú wọn, èmi ìbá bọ́ wọn tán pẹ̀lú àpò náà, èmi ìbá sì máa yin ara mi ní aláàánú. Òwe wí pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kí ó yẹrí. Ṣùgbọ́n ta ni ó pa òwe nípa onílé tí ó pe ẹyẹ wá jẹun, tí ó sì bu ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ fi ẹnu kàn fún un?

Mo dẹ́kun bíbọ́ ẹyẹ fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi ni ó fi òfin lé e: nínú ọkà tí a ó fi ṣe ògì ni a ó ti bu ti ẹyẹ, kì í ṣe nínú ìyàngbò. A ń sá àgbàdo dáadáa kí a tó dì í, nítorí a ti gbọ́ pé omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bí ìdá 13 nínú 100 lọ. A ń gbé àpò ka orí pákó, jìnnà sí ògiri. Èyí tí ó bá bu, a ń sin ín. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń ka ìwé yìí, ẹ béèrè nípa Aflasafe, èyí tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe. A máa fọ́n ọn sí oko nígbà tí àgbàdo ṣì wà lórí ìdúró, kí irú Aspergillus tí kò ní oró lè gba ààyè mọ́ èyí tí ó ní oró lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kù, n ó sì sọ wọ́n kíákíá. Ọkà tí a gbé kalẹ̀ kò gbọdọ̀ ju èyí tí ẹyẹ lè jẹ tán ní òwúrọ̀ kan. Ẹ máa fọ pákó àti àwo omi wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Láti ọdún 2005 ni àrùn ọ̀fun kan ti ń pa ẹyẹ kékeré kan tí a ń pè ní greenfinch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n sì ti ń mu pọ̀ sì wà lára ọ̀nà tí ó ń gbà ràn. Nígbà tí ó fi di ọdún 2021, wọ́n ti ka ẹyẹ náà mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu jù lọ níbẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, omi tútù ṣeyebíye fún ẹyẹ ju ọkà lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá mu nínú àwo wọn. Bí ẹ bá rí òkú ẹyẹ, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ má sì jẹ́ kí ajá fi ẹnu kàn án. Ẹ rántí pé ní oṣù Kejì ọdún 2006 ni àrùn adìyẹ tí a ń pè ní H5N1 kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ní Nàìjíríà wa níhìn-ín, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ní ọdún 2004, ajá kan kú ní ilẹ̀ Táílándì lẹ́yìn tí ó jẹ òkú pẹ́pẹ́yẹ tí ó ní àrùn náà, òmíràn sì kú bẹ́ẹ̀ ní Oshawa, ní Kánádà, ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ó jẹ ẹyẹ igbó kan lẹ́nu. Bí ẹyẹ méjì tàbí mẹ́ta bá kú ní ẹ̀hìnkùlé yín, ẹ dáwọ́ bíbọ́ dúró, kí ẹ sì fi tó àwọn dókítà ẹran létí.

Ní oṣù tí ó kọjá, bàbá àgbẹ̀ tí ó pe àwọn ẹyẹ mi ní olè kan ilẹ̀kùn wa. Ó gbé ọmọ ajá kan sí abẹ́ agbádá rẹ̀, ó sì gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́. Kò sọ ohun púpọ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, ilé yín dákẹ́ jù." Ọmọ náà kò tíì fún ajá náà ní orúkọ, ó ní òun ń rò ó. Ṣùgbọ́n ní àná, kí n tó bu ọkà sí orí pákó, ó na ọwọ́ sí mi, ó mú hóró àgbàdo kan ní àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sí ẹnu ara rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ni ó mi orí sí mi pé kí n máa dà á.